Rafael Márquez: Balógun Mẹ́síkò Nínú Ife Àgbáyé Márùn-ún

  Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa kó àwọn ọmọ lọ sí pápá ní òwúrọ̀ Sátidé mọ̀ pé bí a bá ní kí ọmọ 15 yan ibi tí wọ́n fẹ́ dúró sí, ọmọ 14 ni yóò ní iwájú ni àwọn fẹ́ wà. Ẹnì kan tó kù yóò ní òun fẹ́ ṣọ́lé, nítorí pé ó fẹ́ràn ìbọ̀wọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbá ọwọ́ ẹ̀yìn. Nítorí náà ni a ṣe yan ìtàn ẹni tó gbá ọwọ́ ẹ̀yìn fún ọdún tó lé ní 20, tó sì ti ẹ̀yìn yẹn di olórí gbogbo àwọn tó wà níwájú rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kì í sì í ṣe ọmọ Áfíríkà. Ọmọ Mẹ́síkò ni, Rafael Márquez, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè ní Rafa. A yàn án nítorí bọ́ọ̀lù rẹ̀. A tún yàn án nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ rẹ̀ ní ọdún 2017, ọ̀rọ̀ tí a rò pé ó kan gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jẹun lẹ́yìn odi.

Ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1979 ni wọ́n bí i ní ìlú Zamora, ní ìpínlẹ̀ Michoacán. Bàbá rẹ̀ náà gbá bọ́ọ̀lù jẹun, nítorí náà kò ṣe àjèjì sí pápá. Láti kékeré ni ó ti wọ ẹgbẹ́ Atlas ní ìlú Guadalajara. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú ẹgbẹ́ tí Atlas jẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ni kí ó pè é, kí ó má pè é ní ilé ife. Wọ́n gba ife líìgì Mẹ́síkò ní 1951, wọn kò sì rí òmíràn gbà títí di oṣù kejìlá 2021. Àádọ́rin ọdún! Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí wọ́n gba ti àkọ́kọ́ ti di bàbá àgbà kí èkejì tó dé. Síbẹ̀ àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kò yéé jáde láti ibẹ̀.

Ọdún 1996 ni Márquez kọ́kọ́ wọ pápá pẹ̀lú àwọn àgbà Atlas, ọmọ ọdún 17 ni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó tọ́ ọ dàgbà níbẹ̀ ni Ricardo La Volpe, ọmọ Ajẹntínà, ẹni tó gbàgbọ́ pé láti ẹ̀yìn pátápátá ni ìkọlù ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ La Volpe, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù sókè lásán kí ewu lè kọjá kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Àfi kí ó gbé orí sókè, kí ó wo ẹni tí yóò fún, kí ó sì fún un ní ibi tí ẹni náà yóò ti lè lò ó. Ẹ̀kọ́ yìí ni Márquez gbé káàkiri ayé. Ní 1999, Atlas dé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá líìgì pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n pẹnárítì ni Toluca fi gba ife náà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ohun kan wà níbí tí yóò dùn mọ́ àwọn àgbà wa. Oṣù kejì 1997 ni Márquez kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, nígbà tí Mẹ́síkò kojú Ẹ́kúádọ̀. Ẹni tó pè é ni Bora Milutinović. Bẹ́ẹ̀ ni, Bora wa náà! Bora tí Mẹ́síkò lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún yẹn lẹ́yìn tó ti bá wọn gba ìwé àṣẹ Ife Àgbáyé tán, ni Nàìjíríà gbà, tó sì kó Super Eagles lọ sí Faransé ní 1998. Àwọn tó dàgbà tó nínú wa kò lè gbàgbé bí a ṣe na Sípéènì ní 3 sí 2, wọn kò sì lè gbàgbé bí Dẹ́ńmáàkì ṣe na àwa náà ní 4 sí 1. Márquez kò sí ní Faransé lọ́dún náà. Ilé ni ó wà, ọmọ ọdún 19.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó gbéra. Ó wà nínú ikọ̀ Mẹ́síkò tó na Bràsíìlì ní 4 sí 3 ní pápá Azteca ní oṣù kẹjọ 1999 láti gba Ife Confederations. Lọ́dún náà ni ẹgbẹ́ Monaco rà á lọ sí líìgì Faransé, wọ́n sì gba ife líìgì ní 2000, ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Àwa tí a fi ilé sílẹ̀ ní ogún ọdún lọ síbi tí a kò ti gbọ́ èdè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kí Márquez tó dé, bí wọ́n bá dárúkọ ọmọ Mẹ́síkò ní Yúróòpù, Hugo Sánchez tó gbá góòlù wọlé fún Real Madrid bí ẹni ń ṣeré ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Ọwọ́ iwájú ni Hugo. Pé kí ẹgbẹ́ ńlá Yúróòpù wá agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn lọ sí Mẹ́síkò, ìyẹn kò wọ́pọ̀.

Ní 2003, Barcelona mú un. Ọdún méje ni ó lò níbẹ̀, ó sì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó lé ní 200 fún wọn. Ó bá wọn gba líìgì Sípéènì nígbà mẹ́rin: 2005, 2006, 2009 àti 2010. Nígbà mìíràn wọ́n á gbé e wá síwájú díẹ̀, kí ó dúró sí àárín kí ó máa gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àwọn alátakò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ilé rẹ̀. Carles Puyol tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ẹ̀yìn a máa sáré, a máa fò, a máa fi ara gbá bọ́ọ̀lù. Márquez kì í sáré púpọ̀. Ó máa ń mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí ó tó dé, tí ó bá sì ti gbà á, ẹ ó rí i tí yóò na ẹsẹ̀ ọ̀tún, bọ́ọ̀lù yóò fò kọjá ìdajì pápá, yóò sì bọ́ sí ẹsẹ̀ Ronaldinho tàbí ti Samuel Eto'o bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ gbé e fún wọn.

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ jẹ́ ti Arsenal, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ìpínrọ̀ yìí. Ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 2006, ní Paris, àṣekágbá Champions League. A mọ̀ pé nínú ilé Yorùbá púpọ̀ ní ìlú yìí, aṣọ pupa ni wọ́n wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Rẹfirí lé Jens Lehmann tó jẹ́ aṣọ́lé Arsenal kúrò ní pápá kí ìṣẹ́jú 20 tó pé, síbẹ̀ Sol Campbell fi orí gbá góòlù wọlé. Ẹ̀yin ẹ rántí Eto'o àti Belletti tí wọ́n dá a padà fún Barcelona, 2 sí 1. Ẹ rántí Thierry Henry tó sọ àǹfààní nù. Ẹ kò rántí ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Puyol láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, tí Henry ní láti kọjá lára rẹ̀ kí ó tó dé ilé. Márquez ni. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ó di ọmọ Mẹ́síkò àkọ́kọ́ tó gba Champions League.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Barcelona tún dé àṣekágbá, ní Róòmù, wọ́n sì na Manchester United ní 2 sí 0. Márquez kò gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Chelsea ní oṣù kẹrin 2009 ni orúnkún òsì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwa nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbí. Láàrin egungun itan àti egungun ojúgun, ohun rírọ̀ méjì wà níbẹ̀ tó dà bí tìmùtìmù, tí kì í jẹ́ kí egungun máa lọ egungun. Bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ gúnlẹ̀ tí ó sì yí ara lójijì, tìmùtìmù yìí lè ya. Ẹ̀jẹ̀ kì í dé inú lọ́hùn-ún rẹ̀ dáadáa, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ jinná fúnra rẹ̀ bí ọgbẹ́ ara. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un. Yaya Touré, ọmọ Ivory Coast, tí kì í gbá ọwọ́ ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀, ni wọ́n fi dí àlàfo náà ní Róòmù, ó sì ṣe é bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Márquez nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ó ti ń kógbá sílé. Ife Àgbáyé mẹ́ta ṣì wà níwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí Ife Àgbáyé, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn náà ti gbóná. Láti 1994 títí dé 2018, Mẹ́síkò lọ sí Ife Àgbáyé méje léra wọn. Ní méjèèje, wọ́n jáde kúrò nínú ìpele ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kúrò ní ìdíje nígbà tí ó ku ẹgbẹ́ 16. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹrin ni ti wọn máa ń dópin. Ní Mẹ́síkò, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé “ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ karùn-ún”, kò sí ẹni tí yóò bèèrè ohun tó ń sọ. Ó ti di ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń dúró dè. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ti dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ, ní 1970 àti 1986, ilé wọn ni wọ́n sì ti gbá méjèèjì. Nínú méje wọ̀nyí, márùn-ún ni Márquez ti jẹ́ balógun.

Ní 2002, akọ́nimọ̀ọ́gbá Javier Aguirre fi í ṣe balógun ní ọmọ ọdún 23, nígbà tí àwọn tó dàgbà jù ú lọ wà nínú ikọ̀. Wọ́n pàdé Amẹ́ríkà ní Jeonju ní Kòríà, aládùúgbò tí wọ́n máa ń fojú tín-ín-rín nínú bọ́ọ̀lù. Amẹ́ríkà gbá 2 wọlé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, Márquez fò sókè, ó fi orí gbá Cobi Jones lórí, rẹfirí sì yọ káàdì pupa fún un. Ìwà náà kò dára, a kò sì ní bò ó. Ìrora àdánù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n balógun kì í bínú báyìí níwájú àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Ní 2006, ní Leipzig ní Jámánì, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbá góòlù sílé Ajẹntínà, nígbà tí eré kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Ajẹntínà dá a padà. Nínú àfikún àkókò, Maxi Rodríguez fi àyà gba bọ́ọ̀lù, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá a láti ọ̀nà jíjìn, ó wọlé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹrin ni.

Ọdún 2010 kan gbogbo wa, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ ni tí Ife Àgbáyé wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ọjọ́ 11 oṣù kẹfà, ní Johannesburg, Gúúsù Áfíríkà kojú Mẹ́síkò láti ṣí ìdíje náà. Nígbà tí Siphiwe Tshabalala gbá bọ́ọ̀lù náà wọ igun òkè ilé, a hó yèè ní ilé wa gbogbo, bí ẹni pé Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i. Ayọ̀ wa kò tó ìṣẹ́jú 25. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sókè láti ẹ̀gbẹ́, àwọn tó ń ṣọ́lé sáré síwájú, wọ́n gbàgbé ẹnì kan sẹ́yìn. Ta ni? Márquez ni. Ó gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó sì gbá a wọlé. Bí eré náà ṣe parí nìyẹn, 1 sí 1. Inú bí wa sí i lọ́jọ́ náà, a kò ní purọ́. Ajẹntínà ni ó tún lé Mẹ́síkò jáde, 3 sí 1.

Ti 2014 ní Bràsíìlì ni ó dùn wọ́n jù. Wọ́n na Kamẹrúùnù, wọ́n bá Bràsíìlì gbá òmì nílé wọn, wọ́n sì na Kroéṣíà ní 3 sí 1 nínú èyí tí Márquez ti fi orí gbá ti àkọ́kọ́ wọlé. Ọmọ ọdún 35 ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ní Fortaleza, oòrùn mú tó bẹ́ẹ̀ tí rẹfirí fi dá eré dúró kí wọ́n lè mu omi. Mẹ́síkò ní góòlù kan sílé Holland, ó sì ku ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Ní ìṣẹ́jú 88, Wesley Sneijder dá a padà. Nínú àfikún ìṣẹ́jú, Arjen Robben gbé bọ́ọ̀lù wọ àgbègbè ilé, Márquez na ẹsẹ̀, Robben ṣubú. Rẹfirí ní pẹnárítì ni. Huntelaar gbá a wọlé.

Títí di òní, ọmọ Mẹ́síkò kankan kò gbà pé pẹnárítì ni. Gbólóhùn tó túmọ̀ sí “kì í ṣe pẹnárítì” di ohun tí wọ́n ń kọ sára aṣọ. Robben fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú nígbà kan ní ìdajì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ní ti ìkẹyìn yìí kì í ṣe irọ́. Àwa tí a ti wò ó léraléra rò pé ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ díẹ̀, pé Robben sì fi kún un. Ohun tó yẹ kí àwọn ọmọ wa kọ́ níbẹ̀ ni pé agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn tó bá na ẹsẹ̀ nínú àgbègbè ilé ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn ti fi ọ̀rọ̀ lé rẹfirí lọ́wọ́.

Láàrin àwọn Ife Àgbáyé wọ̀nyí ó lọ síbi púpọ̀. New York, láti 2010 dé 2012, kò dára fún un. Ó sọ ní gbangba pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kò tó òun, wọ́n sì dá a dúró. Ní 2012 ó wó Shea Salinas ti San Jose mọ́lẹ̀, egungun èjìká ọmọkùnrin náà ṣẹ́, wọ́n ní kí Márquez má gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Ó padà sí Mẹ́síkò, sí ẹgbẹ́ León, ó sì bá wọn gba líìgì ẹ̀ẹ̀mejì léra wọn, ní 2013 àti 2014, òun ni balógun. Lẹ́yìn èyí ó lọ sí Verona ní Ítálì fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó padà sí Atlas ní 2016, ilé tí ó ti jáde.

Ibẹ̀ ni ó wà ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 2017 nígbà tí ilé iṣẹ́ ìṣúra ìjọba Amẹ́ríkà gbé àkójọ orúkọ kan jáde. Wọ́n ní àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní àjọṣe pẹ̀lú Raúl Flores Hernández, ẹni tí wọ́n pè ní ọ̀gá nínú òwò oògùn olóró, pé wọ́n ń fi orúkọ wọn bo ohun ìní rẹ̀. Orúkọ Rafael Márquez wà níbẹ̀, àti ti àjọ tó dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ tẹnu rẹ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò ìjọba Mẹ́síkò, ó sì bọ́ síwájú àwọn oníròyìn, ó ní irọ́ ni, òun kò lọ́wọ́ nínú ohunkóhun bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ohun tí àkójọ yìí jẹ́ yé wa. Kì í ṣe ìdájọ́ ilé ẹjọ́. Ìjọba ni ó ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, wọ́n á ti ohun ìní rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà pa, ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kankan kò sì gbọ́dọ̀ bá a ṣòwò. Àwọn ilé ìfowópamọ́ níbòmíràn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Márquez ṣíwọ́ bọ́ọ̀lù fún ìgbà díẹ̀, ó padà sí pápá kí ọdún náà tó parí, ó sì dágbére fún Atlas ní oṣù kẹrin 2018.

Ó lọ sí Rọ́ṣíà lọ́dún náà, Ife Àgbáyé karùn-ún rẹ̀, ọmọ ọdún 39. Ẹ wo bí ó ṣe lọ. Aṣọ tí ó fi ń ṣe ìdárayá kò ní orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń náwó fún ikọ̀ náà lára, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn yòókù ní in. Ike omi rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn. Kò gbọ́dọ̀ dúró síwájú pátákó onípolówó láti bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Wọn kò san owó fún un. Balógun ni, síbẹ̀ wọ́n ń yà á sọ́tọ̀ bí ẹni tó ní àrùn tó ń ràn. Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àdáwà mọ bí ó ṣe máa ń rí lójú aláìsàn tí wọ́n bá fún un ní ife àti àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ọ̀kan nínú wa wà tí ilé ìfowópamọ́ kan ti àkáǹtì rẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí pé orúkọ rẹ̀ bá ti ẹlòmíràn mu, owó ilé àti owó iléèwé ọmọ sì há síbẹ̀. Àwọn kan sì wà tí yóò wá bẹ̀ yín tẹ̀ríntẹ̀rín, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi owó díẹ̀ gba inú àkáǹtì yín, ọ̀sẹ̀ kan péré ni.” Ẹ má gbà fún wọn, ì báà jẹ́ mọ̀lẹ́bí. A kò sọ pé ohun tí Márquez ṣe nìyí o, ó ní òun kò ṣe é. Ohun tí a ń sọ ni pé bí orúkọ bá ti wọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó lè pẹ́ kí ó tó jáde. Ti Márquez gba ọdún mẹ́rin. Oṣù kẹsàn-án 2021 ni Amẹ́ríkà tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ìròyìn tó kéde rẹ̀ pé orúkọ rẹ̀ wọ inú àkójọ kárí ayé ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín léèrè bóyá wọ́n gbọ́ pé ó ti jáde.

Ní Rọ́ṣíà, Mẹ́síkò na Jámánì tí ife wà lọ́wọ́ wọn ní 1 sí 0. Nígbà tí Márquez wọlé rọ́pò Andrés Guardado lọ́jọ́ náà, Guardado bọ́ okùn balógun lápá ara rẹ̀, ó sì so ó mọ́ ọn lápá. Báyìí ni ó di ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ balógun nínú Ife Àgbáyé márùn-ún. Àwọn méjì ti gbá bọ́ọ̀lù nínú márùn-ún ṣáájú rẹ̀, Antonio Carbajal tó jẹ́ aṣọ́lé Mẹ́síkò láti 1950 dé 1966, àti Lothar Matthäus ti Jámánì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣe balógun ní gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje, ní Samara, ó wà nínú àwọn 11 tó kọ́kọ́ wọ pápá láti kojú Bràsíìlì. Wọ́n yọ ọ́ ní ìsinmi ìdajì eré. Bràsíìlì gbá 2, Mẹ́síkò kò gbá ọ̀kan. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹrin tún ni, ó sì jẹ́ bọ́ọ̀lù ìkẹyìn tí Márquez gbá.

Ní 2022 ni ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ kejì Barcelona. Ní 2024, Mẹ́síkò pè é wálé láti wá ṣe igbákejì Javier Aguirre, ẹni tó so okùn balógun mọ́ ọn lápá ní 2002. Wọ́n kéde nígbà náà pé òun ni yóò gba ipò lọ́wọ́ Aguirre lẹ́yìn Ife Àgbáyé 2026, èyí tí Mẹ́síkò, Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ gbà lálejò. Ní 2025 àwọn méjèèjì gba Gold Cup, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì nà, 2 sí 1. Bí àwọn ọmọ bá bèèrè ní Sátidé, nọ́ńbà 4 ni ó máa ń wọ̀.